Oòrùn ti yọ ní London, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì jí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ òṣèlú kọ́ ni mo bá wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ oko ni, ti àwa tí a ń gbin ẹ̀fọ́ nílùú Ọba. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù, àwọn ará ilé tó ń fi èso ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa náà sì ń kà á. Ibi tí ojú àwa méjèèjì ti lè pàdé nìyí.

Omi àti ìsémọ́lé ló fi ìgbà ọ̀gìnnìtìn tó ń kásẹ̀ nílẹ̀ yìí pọ́n wa lójú. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2020 ni òjò pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kárí ìlú Ọba láti ọdún 1891 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Òjò ò sì dáwọ́ dúró lẹ́yìn náà. Ìjì Bella jà lẹ́yìn Kérésì, ìjì Christoph tẹ̀ lé e ní oṣù kìíní, omi sì ya wọ ilé àwọn ẹlòmíì. Ọjọ́ 6 oṣù kìíní 2021 ni kónílé-ó-gbélé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti àrùn kòrónà múlẹ̀ ní England. Bí a ṣe ń ráhùn lórí ìyẹn ni òtútù burúkú tún dé: ní ọjọ́ 11 oṣù kejì, ní Braemar, lókè lọ́hùn-ún ní Scotland, ó já wálẹ̀ dé ìwọ̀n Celsius 23 nísàlẹ̀ òdo.

Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kejì, ìjọba kéde bí wọn yóò ṣe máa tú okùn náà díẹ̀díẹ̀: tó bá di ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ẹni mẹ́fà, tàbí agbo ilé méjì, lè pàdé níta. Àfi bíi pé oòrùn gbọ́ ìkéde náà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló yọ, tí ó mú bí ẹni pé oṣù karùn-ún ti dé. Ni àwọn èèyàn wa bá gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gba oko lọ. Ojúmọmọ ń gùn sí i lóòótọ́. Ní London, ó dín díẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ nígbà Kérésì, ó ti ń sún mọ́ mọ́kànlá báyìí. Ṣùgbọ́n ojúmọmọ kọ́ ni a ń gbìn sí, ilẹ̀ ni.

Ilẹ̀ tó pọ̀ jù ní London amọ̀ ni, amọ̀ pọ́ńbélé níbòmíràn, ó sì ti mu omi láti oṣù kẹwàá. Ṣọ́bìrì táa bá kì bọ inú amọ̀ tó tutù, táa tún fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń dí àwọn ihò tínńtínní tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Tí oòrùn oṣù kẹfà bá wá gbẹ ẹ́, á le bíi bíríkì. Gbòǹgbò ò ní ráyè wọlé, omi ò ní ráyè jáde. Lẹ́yìn náà ni èèyàn á máa dá irúgbìn lẹ́bi, nígbà tó jẹ́ pé bàtà òun fúnra rẹ̀ ló ba oko jẹ́ ní oṣù kẹta.

Béèyàn á ṣe mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti yá rèé. Ẹ wa ilẹ̀ jìn tó gígùn ìka àárín, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un pọ̀ bí ẹni ń mọ òkèlè èbà. Ẹ wá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Tó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó ti yá. Tó bá kàn tẹ̀ wọnú, tí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ ń dán, tó sì lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ máa lọ sílé. Tó bá pọn dandan kí ẹ wọ inú rẹ̀, ẹ tẹ́ pákó fífẹ̀ kan sílẹ̀ kí ẹ dúró lé e, kí ìwúwo yín lè pín káàkiri.

Ohun tó lè mú un yá kíákíá ni rọ́bà. Ẹ na rọ́bà dúdú lé apá kan, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Òjò ò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́, ilẹ̀ á sì máa móoru díẹ̀díẹ̀. Èyí tó mọ́ gaara ń móoru ju dúdú lọ, ṣùgbọ́n èpò á máa gbádùn ara rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà dúdú ló dára jù fún ẹni tí kò ráyè ro oko lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ò mọ ìdí tí ojú fi ń ti àwọn ará wa láti kọ ebè sí ilẹ̀ òyìnbó. Wọ́n á tẹ́ oko pẹrẹsẹ bíi ti aládùúgbò wọn, omi á sì dúró sórí rẹ̀. Ilẹ̀ táa kó jọ ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, omi á máa ṣàn kúrò lára rẹ̀ wọ inú poro, òkè rẹ̀ á sì tètè móoru ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó fẹ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì, kí ó má ju mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, kí ọwọ́ lè dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ náà wà ńbẹ̀. Gbogbo òjò yẹn ti fọ nitrogen, oúnjẹ tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí gbòǹgbò ò lè dé. Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá gbìn sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán, ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa pọ́n. Ìgbẹ́ adìyẹ oníhóró tí wọ́n ń tà nínú ike dára, gíráàmù 100 sí 150 fún square mítà kan, kí ẹ sì pò ó mọ́ òkè ilẹ̀ ní bíi ọjọ́ mẹ́wàá sí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn. Kì í ṣe ìsinsìnyí o. Òjò oṣù kẹta á tún fọ ìyẹn náà lọ, owó á sì ṣòfò.

Ìgbẹ́ ẹṣin ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Oògùn apa-èpò kan wà tí wọ́n ń pè ní aminopyralid, tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí pápá koríko. Ẹṣin á jẹ koríko náà, oògùn á gba inú rẹ̀ kọjá, á bá ìgbẹ́ jáde láìkú. Ẹ kó o dà sí oko, tòmátì, ẹ̀wà àti pòtétò á máa ká ewé wọn jọ bí ọwọ́ ẹni tó di ẹ̀ṣẹ́. Kí ẹ tó dà á, ẹ po ìgbẹ́ náà mọ́ compost, ilẹ̀ ìgbìn tí wọ́n ń tà nínú àpò, nínú ìkòkò mẹ́ta, ẹ rọ compost lásán sínú mẹ́ta mìíràn, kí ẹ gbin broad bean, irú ẹ̀wà òyìnbó kan, sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, bí ti ìgbẹ́ bá ká ewé tí ti lásán sì nà, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ẹṣin.

Kí ni ẹni tí ọwọ́ ń yún lè wá ṣe báyìí? Pòtétò. Ẹ to èyí táa fẹ́ gbìn sínú páálí ẹyin, kí ẹ kọ ojú rẹ̀ sókè, ní yàrá tó mọ́lẹ̀ tó sì tutù díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, á ti hu ọmú kúkúrú tó nípọn. Bó bá hu gígùn funfun tó rí jéréjéré, ibi tó wà ṣókùnkùn jù ni. Àwọn òyìnbó àtijọ́ máa ń gbìn ín lọ́jọ́ Good Friday, èyí tó bọ́ sí ọjọ́ 2 oṣù kẹrin lọ́dún 2021, kò sì burú bí ilẹ̀ bá ti gbẹ: kí ó jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, 30 láàárín ara wọn, 60 láàárín poro. Àlùbọ́sà àti broad bean náà lè wọlẹ̀ ní oṣù kẹta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ata rodo ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, inú ilé ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti yẹ kí ó wà nínú compost báyìí. Ẹni tí kò bá tíì gbìn ín tó bá fi di àárín oṣù kẹta, kí ó ra èyí tó ti hù ní oṣù karùn-ún, torí pé rodo tó pẹ́ wọlẹ̀, tútù ló máa wà lórí igi nígbà tí òtútù oṣù kẹwàá bá bá a. Rodo tí ẹ rà ní Rye Lane ní Peckham tàbí ní Ridley Road ní Dalston, ẹ lè fi èso rẹ̀ gbìn, bó bá ṣáà ti pọ́n dáadáa. Èso inú èyí tó tutù ò tíì gbó. Ẹ sá a sórí bébà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má yan án lórí ohun tó gbóná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o. Ẹni tó bá fi ọwọ́ rodo nu ojú kò ní nílò àlàyé mi.

Ìwọ̀n 25 sí 30 ni ata fẹ́ kó tó hù. Inú yàrá tí hítà ń tàn tó sì ń kú kì í tó bẹ́ẹ̀ lóru. Orí fíríìjì dáa, kọ́bọ́ọ̀dù tí táńkì omi gbígbóná wà dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí ẹ ra àpótí kékeré oníná tí wọ́n fi ń hu èso. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè gba mẹ́rin; ẹ má tú u wò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ bá rí èyí àkọ́kọ́ tó yọ orí, ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé e jáde sí ìmọ́lẹ̀. Tó bá lo ọjọ́ méjì péré nínú òkùnkùn, á ga fíofío, á sì dákú. Lójú fèrèsé, ẹ máa yí i lójoojúmọ́, kí ẹ sì fà á wọnú yàrá kí ẹ tó pa kọ́tìnnì lálẹ́, nítorí òtútù tó ń wà láàárín kọ́tìnnì àti gíláàsì lóru tó láti pa á.

Omi ló ń pa ata èwe ju òtútù lọ. Ẹ ó rí i tí èèhù tó dúró ṣánṣán lánàá á ṣubú lulẹ̀ lówùúrọ̀. Tí ẹ bá wo ìdí rẹ̀ dáadáa, ọrùn rẹ̀ á ti tín-ín-rín bí òwú ní ibi tó ti kan ilẹ̀, ewé rẹ̀ á sì ṣì tutù bíi pé kò sí nǹkan kan. Àrùn kan tó ń gbé inú compost tó tutù rinrin ló fà á, kò sì ní oògùn mọ́ tó bá ti mú un. Compost tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó kù nínú ìkòkò ọdún tó kọjá. Ẹ gbé ìkòkò sínú abọ́ omi fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ da ìyókù nù, kí ẹ má sì tún bomi sí i títí òkè rẹ̀ á fi gbẹ. Bó bá ti ní ewé gidi méjì, ẹ ṣí i lọ sínú ìkòkò sẹ̀ǹtímítà 9. Bó bá kún ìyẹn, lítà méjì. Lẹ́yìn náà lítà márùn-ún sí mẹ́wàá. Ẹ má gbé e fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ sínú ńlá. Ìkòkò ńlá á mu omi tí gbòǹgbò kékeré ò lè fà tán.

Ewédú. Ẹ̀sùn tí mo ń gbọ́ lọ́dọọdún ni pé èso táa fi ránṣẹ́ láti ilé ò hù. Èso náà ò kú, èèpo rẹ̀ ló le tí omi ò lè wọ̀ ọ́, àwọn ìyá wa nílé sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ dì í sínú aṣọ tó fẹ́lẹ́, ẹ gbé omi ká iná títí yóò fi hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ ti ìdì náà bọ̀ ọ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ ọ́ sínú omi tútù. Ká ẹ̀wá náà la wí. Ẹni tó bá lọ dáhùn fóònù tó sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ti se é jinná. Kí ẹ tó gbìn, ẹ to 20 nínú rẹ̀ sórí tíṣù tó tutù, kí ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sórí fíríìjì. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ẹ ka iye tó hù. Bí kò bá tó mẹ́wàá, ẹ gbìn ín kí ó sún mọ́ra.

Inú ilé ni kí ẹ ti hù ú, ní ìparí oṣù kẹrin. Kò gbọdọ̀ jáde kí oṣù kẹfà tó dé, ibi tó sì fẹ́ràn ni ilé rọ́bà, ilé onígíláàsì tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù. Ohun kan wà tó yẹ kí inú wa dùn sí. Kí ilẹ̀ máa tètè ṣú ló ń mú ewédú yọ òdòdó. Ní Èkó, ojúmọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí 12 àti ààbọ̀ lọ, èyí ló fà á tí ewédú ìgbà ẹ̀rùn fi máa ń so kí ó tó ga. Ní London, ojúmọmọ oṣù kẹfà ju wákàtí 16 àti ààbọ̀ lọ, nítorí náà ewé ni ewédú á máa hu ṣáá. Tó bá ga dé orúnkún, ẹ gé e, kí ẹ ṣẹ́ku sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, á tún pẹ̀ka. Ìyà ibẹ̀ ni pé òdòdó á pẹ́ dé, òtútù á sì bá èso kí ó tó gbó. Ẹni tó fẹ́ èso fún ọdún tó ń bọ̀, kí ó fi ìdí méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nínú ilé rọ́bà láìgé.

Tẹ̀tẹ̀ rọrùn jù ú. Èso rẹ̀ kéré bí iyanrìn, nítorí náà ẹ po ṣíbí tíì kan mọ́ ife iyanrìn gbígbẹ kan, kí ẹ fọ́n ọn ní àárín sí ìparí oṣù karùn-ún, kí ẹ fi ilẹ̀ tó fẹ́lẹ́ bò ó díẹ̀ báyìí. Ẹ tu èyí tó bá fún ara wọn jù, kí sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 wà láàárín wọn. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ ti ń rí ohun sè. Bí ẹ bá fọ́n ọn ní oṣù kẹrin, díẹ̀ á jẹrà, ìyókù á ràn, á sì yọ òdòdó ní kékeré. Nínú ṣọ́ọ̀bù irúgbìn, ẹ má wá "tẹ̀tẹ̀" títí. Callaloo ni àwọn ará Jamaica ń pè é, orúkọ yẹn ló sì máa ń wà lára páálí. Molokhia, bí àwọn ará Íjíbítì ṣe ń pè é, ni ewédú. Ṣọkọ yòkòtò ní tiẹ̀, Lagos spinach ni òyìnbó ń pè é, Èkó wa gan-an.

Èyí kan àwọn ará ilé. Ẹ ṣeun fún èso tí ẹ ń dì sínú àpò gààrí, ṣùgbọ́n òfin ò gbà á. Èso táa fẹ́ gbìn tó bá ń ti Nàìjíríà bọ̀ gbọ́dọ̀ ní phytosanitary certificate, ìwé tó ń jẹ́rìí pé kò ní kòkòrò tàbí àrùn. NAQS, iléeṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń yẹ irè oko wò, ló ń fún ni nílé. Láìsí i, wọ́n lè gbà á ní ibodè, kí wọ́n sì pa á run. Ti úgwu tún yàtọ̀: bí ẹ bá sá a gbẹ bí ẹ ṣe ń sá àwọn yòókù, ẹ ti pa á. Inú èso úgwu kì í fara da gbígbẹ.

Ìgbín tí kò ní ìkarahun á pọ̀ lọ́dún yìí, nítorí omi. Alẹ́ ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀fọ́ èwe tán. Oògùn metaldehyde tí ọ̀pọ̀ ń fọ́n tẹ́lẹ̀ láti fi pa wọ́n, ìjọba ti fòfin de ìlò rẹ̀ níta láti ìgbà ìrúwé 2022, torí pé ó ń pa ẹyẹ àti ẹranko. Èyí tí wọ́n fi ferric phosphate ṣe ni kí ẹ rà. Èyí tí kò gba owó ni kí ẹ tẹ́ pákó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè lálẹ́. Tí ẹ bá ṣí i láàárọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n á ti sá pamọ́ sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí, kí ohun tí wọ́n ń jẹ tó wọlẹ̀.

Ìrì dídì ló kù. Ní London, ó ṣì lè bọ́ ní ìparí oṣù kẹrin, nígbà mìíràn ní oṣù karùn-ún. Ní Leeds àti Manchester, ó lè dé ìparí oṣù karùn-ún. Àwọn ará Scotland, ẹ dúró di oṣù kẹfà. Ohun tó bá jáde láti inú ilé, kò gbọ́dọ̀ bọ́ síta lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé e síta fún wákàtí méjì lọ́jọ́ kìíní, ní ibòji tí afẹ́fẹ́ ò ti pọ̀, kí ẹ gbé e wọlé, kí ẹ máa fi kún un fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ tọ́jú aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní fleece sítòsí.

Ẹ ra tẹmómítà ilẹ̀ kan pẹ̀lú. Ẹ tì í bọ inú ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ máa wò ó láago mẹ́sàn-án àárọ̀. Bó bá ka 15 fún ọjọ́ méje léra, tẹ̀tẹ̀ lè wọlẹ̀. Bó bá ka 20, ẹ máa gbé ewédú bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkàwé yín kan, gúúsù London
Ìparí oṣù kejì, ọdún 2021